Igi Ìbọn Tí Kò Ní Irin

Itan Bàbá méjèèjì ni fáìsì wọn. Wọ́n jókòó sórí àpótí onígi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n ki ìdí igi ìbọn kan bọ àárín orúnkún, wọ́n há a mọ́bẹ̀, orí rẹ̀ sì yọ síwájú bí ọrùn ẹran tí ń retí kí a bá òun họ ẹ̀yìn etí. Ìró fáìlì nìkan ló ń dún nínú yàrá. Á lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á dákẹ́. Bàbá á fẹ́ eruku dànù, wọ́n á fi àtàńpàkò tọ ojú igi láti òkè dé ìsàlẹ̀, ojú tiwọn kò sì ní sí lára rẹ̀ rárá. Ìta ni wọ́n máa ń wò nígbà tí ọwọ́ wọn bá ń wo igi.

Ilé ló wà níta, ilé lórí ilé, àti ẹ̀rọ agbérù kan tó ga fíofío, tó dúró lókè ibi tí wọ́n ti wó díẹ̀ nínú wọn bí lékeléke tó ń ṣọ́ kòkòrò. Aylesbury Estate la wà, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé gbọọrọ ẹ̀gbẹ́ Thurlow Street. Walworth ni àdúgbò náà ń jẹ́ nínú ìwé, ṣùgbọ́n bí ará Ṣakí bá béèrè lórí fóònù pé níbo ni Bàbá ń gbé, Peckham ni wọ́n máa ń sọ, torí Peckham lẹni tó wà nílé mọ̀, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń ra gàrí àti èlùbọ́. Ọdún 1963 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ilé yìí, wọ́n parí wọn ní 1977. Ibùgbé bíi 2,700 ló wà níbẹ̀ nígbà náà. Orúkọ àwọn ìlú kéékèèké Buckinghamshire ni wọ́n fi sọ wọ́n, Wendover, Taplow, Missenden, bíi pé a ó ti ara orúkọ gbọ́ òórùn koríko. Ibí ni Tony Blair wá sọ̀rọ̀ sí ní oṣù Kẹfà 1997, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di olórí ìjọba. Ní 2001 àwọn ará ilé dìbò pé kí ìjọba ìbílẹ̀ Southwark má gbé ilé àwọn lé àjọ mìíràn lọ́wọ́. Ní 2005 ìjọba ìbílẹ̀ ní wíwó ni àwọn yóò wó o. Lẹ́tà ọ̀rọ̀ ìkólọ yìí ló ń gbé mi wá sọ́dọ̀ Bàbá lọ́jọ́ Sátidé, èmi ni mo ń bá wọn kà á. Lọ́jọ́ tí igi yìí wọlé, lẹ́tà mẹ́ta wà lórí tábìlì tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò ṣí.

Inú páálí ni igi náà ti wá. Àwọn ilé iṣẹ́ kan wà ní Ítálì, ní Spéènì àti ní Amẹ́ríkà tí ń ta ìbọn tí a ń ti ẹnu kì, irú ti àtijọ́, láì tíì tò ó pọ̀: ọ̀pá irin lọ́tọ̀, apátí lọ́tọ̀, idẹ lọ́tọ̀, igi lọ́tọ̀. Ẹni tó rà á ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ parí iṣẹ́. Èyí tó wà níwájú wa, àwòkọ ìbọn Hawken ni. Jacob àti Samuel Hawken, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ló ń rọ ọ́ ní ìlú St. Louis láyé ọjọ́un fún àwọn ọdẹ tí ń lọ sí àwọn òkè Rocky: ìbọn tó wúwo, tí ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́jọ, tí ìdí rẹ̀ tẹ̀ wọnú bí oṣù tuntun. Igi walnut ni wọ́n fi ṣe àwòkọ yìí. Mo pè é ní igi àsálà, Bàbá sì bú sẹ́rìn-ín. Àsálà tiwa, ìtàkùn ni, wọ́n ní; ta ló rí ìtàkùn gbẹ́ ìdí ìbọn?

Ẹ má rò pé ìtì igi lásán ni. Ẹ̀rọ ti gbẹ́ ẹ dé ìdajì ọ̀nà, ó ti la kòtò gígùn tí ọ̀pá yóò sùn sí, ó ti lu ihò tí apátí yóò gbà jáde. Ṣùgbọ́n ó sanra níbi gbogbo. Ọrùn rẹ̀, ibi tí ọwọ́ máa ń dì mú lẹ́yìn apátí, ki bí apá ọmọ jòjòló. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì tẹ́ pẹrẹsẹ, igun wọn mú bí igun bíríkì, abẹ́ ìdí rẹ̀ sì yọ ikùn sílẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ iyán tán. Ilé iṣẹ́ kò mọ ẹni tí yóò rà á, ni wọ́n ṣe fi ẹran sílẹ̀ lára rẹ̀ fún gbogbo ayé. Bàbá ní bẹ́ẹ̀ náà ni ilé tí a jókòó sí, pé òun náà, inú páálí ló ti jáde. Òótọ́ ni. Ètò ìkọ́lé Jespersen, tí àwọn ará Dẹ́nmáàkì dá sílẹ̀, ni wọ́n fi kọ́ Aylesbury: wọ́n ń da ògiri àti àjà ní kọnkéré sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́, wọ́n ń fi ọkọ̀ kó o wá, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ agbérù tò ó lé ara wọn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Bàbá fi gbẹ́ tiwọn títí ó fi bá wọn lára mu: pẹpẹ lókè ilẹ̀kùn, àga tó ń ṣí bí àpótí, igi ìfàṣọkọ́ tí wọ́n fi ṣẹ́kù igi ibi iṣẹ́ ṣe.

Ohun tó kọ́kọ́ dà mí láàmú ni pé kò sí irin kankan nínú ilé. Mo wá abẹ́ tábìlì, mo wá ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Igi nìkan ni. Òyìnbó kan tí òun àti Bàbá jọ ṣiṣẹ́ káfíńtà pọ̀ fún ọdún pípẹ́ ló ni ìbọn náà. Òun náà ti fẹ̀yìn tì, ó sì máa ń lọ yìnbọn sí àmì ní Bisley ní Surrey pẹ̀lú àwọn tó fẹ́ràn nǹkan àtijọ́. Nílùú yìí, ọ̀pá ìbọn tó bá ní ilà nínú kò gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tí ọlọ́pàá kò fún níwèé àṣẹ. Òfin ọdún 1968 ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tù dúdú tún ní ìwé àṣẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Irin ni òfin ń ṣọ́, kò ṣọ́ igi. Nítorí náà irin wà nílé ẹni tó ni ín, nínú àpótí tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, igi nìkan ló sì ṣe àlejò wá sí Aylesbury. Dípò ọ̀pá ìbọn, ọkùnrin náà gbẹ́ ọ̀pá igi onígun mẹ́jọ tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti irin mu, kí Bàbá lè máa fi wo kòtò. Ìbòrí idẹ tí yóò bo ìdí rẹ̀ nìkan ló bá igi wá. Ìbọn tí Ògún kò tíì dé, tí Ọ̀ṣun ti wà níbẹ̀. Mo sọ ọ́ fún Bàbá, wọ́n wò mí bí ẹni tó sọ̀rọ̀ jù.

Síbẹ̀ ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wọ́n. Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ kọ òun? Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án 1999, ní Hackney, lápá kejì odò Thames, akunlé kan tó ń jẹ́ Harry Stanley, ẹni ọdún 46, ń lọ sílé rẹ̀. Ẹsẹ̀ tábìlì kan tí ọmọ ìyá rẹ̀ bá a tún ṣe wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú báàgì. Ẹnì kan pe ọlọ́pàá pé ọkùnrin kan ń gbé ìbọn lọ. Ọlọ́pàá méjì tó dìhámọ́ra dé, wọ́n yìnbọn pa á lójú pópó, kò jìnnà sílé rẹ̀. Ẹsẹ̀ tábìlì ni ìyókù Lọ́ńdọ̀nù fi rántí rẹ̀. Bàbá ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà nígbà náà, ẹsẹ̀ tábìlì sì ni wọ́n ń gbé kiri lójoojúmọ́, nínú bọ́ọ̀sì, lórí àkàbà, ní òru. Láti ọjọ́ náà, wọn kì í gbé igi tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ sínú àpò mọ́. Ìhòòhò ni wọ́n ń gbé e, kí gbogbo èèyàn lè rí i pé igi ni. Igi ìbọn wá ni ọ̀ràn: bí o bò ó, ìbọn ni, bí o ṣí i, ìbọn náà ni. Nítorí náà kò gbọdọ̀ jáde láti ọwọ́ wọn. Ẹni tó ni ín ni yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá gbé e.

Bàbá tó bí wọn lọ́mọ, ọdẹ ni, ní Ṣakí. Ṣakabùlà rẹ̀ ni ìbọn àkọ́kọ́ tí ọwọ́ Bàbá kàn, wọ́n sì ṣì ń rí i lọ́kàn títí di òní, mo mọ̀, torí òun ni wọ́n fi ń wọn èyí. Ọ̀pá rẹ̀ gùn ju ọmọdé lọ. Igi rẹ̀ kò sanra rárá, ó tín-ín-rín títí dé ìdí, ìdí náà kò sì fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, torí ọ̀pọ̀ ọdẹ ayé ìgbà náà kì í gbé e lé èjìká, wọ́n á nà án síwájú, wọ́n á gbé ojú sẹ́yìn nítorí ìbọn tó lè fọ́. Ọrùn rẹ̀ ti là nígbà kan rí. Bàbá wọn mú awọ ìgalà tútù, ó wé e yí ojú ẹ̀là náà ká, ó rán an pọ̀, ó gbé e sóòrùn. Bí awọ ti ń gbẹ ló ń fún, ó fún títí igi fi di ẹyọ kan padà. “Kò sí gúlúù tó dà bí ẹ̀,” Bàbá wí, wọ́n sì tọ́ka sí ìgò gúlúù tó wà lójú fèrèsé pẹ̀lú ìkẹ́gàn díẹ̀.

Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ṣakabùlà, ìbọn àwọn ará Dẹ́nmáàkì ni, nítorí àwọn oníṣòwò Dẹ́nmáàkì tó wà ní Osu lẹ́bàá Àkàrà títí di 1850 wà lára àwọn tó kó o wọ etíkun wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Birmingham ni wọ́n ti rọ púpọ̀ nínú rẹ̀. Dẹ́nmáàkì lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn: ìbọn bàbá ọdẹ, àti ògiri tí ọmọ rẹ̀ fẹ̀yìn tì. Mo rò pé mo rí nǹkan ńlá. Bàbá ní àwọn ará Dẹ́nmáàkì kàn máa ń ta nǹkan ni.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìbọn méjèèjì kò parí sára igi. Inú ṣakabùlà dán, inú Hawken ní ilà tó ń lọ yíká yíká bí ìran okùn, ilà yìí ló ń jẹ́ kí ọta máa pòòyì lọ tààrà. Nígbà ogun Kírìjì, Èkìtìparapọ̀ rí ìbọn Snider gbà láti Èkó, ìbọn onílà tí a ń ti ìdí kì, àwọn èèyàn sì ní ìró ìbọn ló sọ ogun náà lórúkọ. Ogun yẹn kò tíì tán pátápátá nígbà tí àwọn ìjọba Yúróòpù péjọ sí Brussels ní 1890, tí wọ́n fọwọ́ sí i pé kí ìbọn onílà má wọ apá tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Áfíríkà mọ́. Ìbọn olókùúta tí inú rẹ̀ dán ni wọ́n yọ̀ǹda. Bí ṣakabùlà ṣe wá di ìbọn ìbílẹ̀ wa nìyẹn, tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa fi ń rọ ọ́, nígbà mìíràn láti ara páìpù omi. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 náà dárúkọ rẹ̀ lọ́tọ̀. Bàbá wọn ní ìwé àṣẹ tirẹ̀, ó ká a sínú agolo tábà.

Iṣẹ́ náà gan-an, ọjọ́ Sátidé mẹ́rin ló gbà, mo sì rí púpọ̀ nínú rẹ̀. Pẹ́ńsùlù ló ṣáájú. Bàbá fa ìlà kan láti orí dé ìdí, ní àárín gbùngbùn ẹ̀yìn igi, wọ́n tún fa òmíràn sábẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bá pa ìlà yìí rẹ́ ti sọnù. Bí fáìlì bá sì ti pa á, wọ́n á tún un fà kí wọ́n tó mí. Kò sí òòlù, kò sí ẹ̀rọ, torí ìyá arúgbó kan wà nísàlẹ̀ tó máa ń sùn lọ́sàn-án. Síísù wà ńlẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n fi ń tì í. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tó tẹ́ bíi bíríkì ni wọ́n kọ́kọ́ kọjú sí: wọ́n ń gé e wọlé díẹ̀díẹ̀ títí etí igi tó yí ojú ihò ká fi kù bí ìwọ̀n owó ẹyọ méjì tí a tò léra, tó sì ń tẹ̀ lé ìrísí irin tí kò sí níbẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu nìyẹn. Ìwé tí wọ́n ya àwòrán irin sí ni wọ́n lẹ̀ mọ́ igi, ṣùgbọ́n wọn kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ọrùn ló gba ọjọ́ jù. Igi ní ọ̀nà tí ó fẹ́ kí a gbà. Bí a bá dojú kọ ọ́, á ya bí aṣọ gbígbó. Níbi ọrùn, ìṣàn igi máa ń yí padà lójijì, ibẹ̀ náà sì ni ìbọn ti máa ń ṣẹ́ bó bá ṣubú. Bàbá á gé díẹ̀, wọ́n á yí igi padà, wọ́n á gé láti apá kejì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi àtàńpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá yí i ká bí òrùka. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìka méjèèjì jìnnà síra bí ìgbà tí a bá ń sọ pé nǹkan kéré ṣùgbọ́n kò kéré tó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, àlàfo náà kù bí ẹyọ àgbàdo. Ti bàbá wọn, òrùka náà máa ń pàdé, èékánná á fi ara kan èékánná. Mo rí i pé ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n ìbọn yìí wúwo ju ti bàbá wọn lọ, ọwọ́ òyìnbó náà sì tóbi, bí ọrùn bá tín-ín-rín jù, yóò ṣẹ́ nílé. Bàbá dúró nígbà tí ó ku àlàfo bí ẹyọ ìrẹsì kan. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbé fáìlì sílẹ̀.

Lẹ́yìn fáìlì, àfọ́kù ìgò. Mo rò pé àwàdà ni. Wọ́n we ìgò kan mọ́ aṣọ, wọ́n fọ́ ọ, wọ́n ṣa àwọn ègé tí etí wọn tẹ̀, wọ́n sì ń fi ha igi náà. Ìháhá tó ń jáde fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Etí àfọ́kù tó tẹ̀ sínú wà fún ọrùn, èyí tó tọ́ wà fún ẹ̀gbẹ́. Nílé, ewé ìpín ni ì bá tẹ̀ lé e, ewé tó ní ahọ́n bíi ti ológbò, tí àwọn agbẹ́gilére fi ń dán ère. Níbí, sáńpépà ni. Wọ́n á fi omi ra igi náà kí irun rẹ̀ lè dìde, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á fá irun náà, wọ́n á tún rà á lómi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo kà. Nígbà kẹrin, kò sí irun tó dìde mọ́.

Ìdí rẹ̀ ni mo ti rí ìjà. Láti ibi apátí dé ìdí jẹ́ íǹṣì 14, apá òyìnbó náà sì kúrú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. Bàbá ti wọn apá náà lọ́jọ́ tí ó wá, nínú ilé ìdáná, pẹ̀lú téèpù ìránṣọ ìyàwó wọn. Íǹṣì 13 ni wọ́n fẹ́ kó kù. Gígé kò le. Àmọ́ ìdí yìí tẹ̀ wọnú, oṣù tuntun ni, ìbòrí idẹ sì gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ láìsí àyè tí ìwé lè gbà kọjá. Wọ́n fi àbẹ́là kun inú idẹ náà pẹ̀lú èéfín dúdú, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi, wọ́n ṣí i: ibi tó bá dúdú lára igi ni ibi tó ga, ibẹ̀ ni a ó gé. Tẹ̀ ẹ́, ṣí i, gé e. Bóyá ọgọ́rùn-ún ìgbà. Èékánná wọn dúdú, iwájú orí wọn dúdú níbi tí wọ́n ti ń nu òógùn. Ìyàwó wọn gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá lọ da ẹ̀fọ́ sínú ìkòkò, wọ́n wo aṣọ ìkélé wọn funfun, wọ́n wo àbẹ́là, wọn kò sọ nǹkan kan, ìyẹn sì burú ju ọ̀rọ̀ lọ.

Ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ máa ń sùn lé ni wọ́n fi ṣe ìkẹyìn. Wọ́n fá a sílẹ̀ díẹ̀ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kún yẹn lè ríbi sinmi, wọ́n sì da gbogbo ìdí igi náà sọ́tùn-ún ní ìwọ̀n tí ojú mi kò rí, tí Bàbá ní ojú ẹni tó ni ín yóò rí. Lẹ́yìn náà ni òróró linseed, ẹ̀kán mẹ́ta sí àtẹ́lẹwọ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ń fi ọwọ́ ra á títí ọwọ́ fi gbóná. Igi tó ti ń dà bí bísíkíìtì láti ọjọ́ yìí ṣú lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ìlà dúdú jáde lára rẹ̀ bí omi tó ń ṣàn lábẹ́ yìnyín. Òórùn òróró àti òórùn irú gba ilé kan.

Ọkùnrin náà dé ní ọjọ́ Sátidé kẹrin pẹ̀lú àpótí ike dúdú tó ní kọ́kọ́rọ́. Ó gun àtẹ̀gùn wá, ó ń mí. Bàbá kò jẹ́ kó wo igi náà. Wọ́n ní kó kọjú sí ògiri tó ṣófo, kó di ojú, wọ́n sì gbé igi lé e lọ́wọ́. Ó gbé e sí èjìká. Oṣù tuntun idẹ náà wọ orí apá rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sùn lé igi, ọwọ́ rẹ̀ yí ọrùn ká. Bàbá ní kó la ojú. Ó là á, kò mi, ojú rẹ̀ sì wà lórí ìlà àárín gangan, ó ń wo iwájú láti orí ọ̀pá igi onígun mẹ́jọ náà, níbi tí irin yóò wà. Ó dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́. Èmi àti ìyàwó Bàbá ti sún kúrò níwájú rẹ̀ láìsọ̀rọ̀.

Ó san owó, ó jẹ iyán díẹ̀, ó ti igi mọ́ inú àpótí, ó lọ. Láti ojú fèrèsé, a rí i bó ṣe gbé e sínú búùtù ọkọ̀ rẹ̀ ní Thurlow Street, a sì ṣọ́ ọ títí ó fi pa búùtù dé. Mo ṣí lẹ́tà àkọ́kọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Bàbá jókòó sórí àpótí wọn, wọ́n ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́. Ọwọ́ ọ̀tún wọn wà lórí itan, àtàńpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá wọn ṣì yí nǹkan tí kò sí níbẹ̀ ká, àlàfo tó wà láàárín wọn kò ju ẹyọ ìrẹsì kan lọ.